Ìgò Funfun Méjì Tí A Fọ Orúkọ Wọn Nù

Ẹ fún mi ní ibi tí n óò fi ẹ̀yìn ti ògiri, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé dá dúró sọ. Ẹni tí ó ń jẹ obì lọ́wọ́ kí ó jẹ ẹ́ tán. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tí ń ṣàìsàn nílé kí ó súnmọ́ mi ju gbogbo yín lọ. Ọdẹ́wálé ni èmi, Sílà ni wọ́n sọ mí níbi ìrìbọmi, ọdún méje ni mo sì fi jókòó lórí bẹ́ńṣì ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kí n tó gba ìbọn lọ́wọ́ baba mi. Mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́ta. Mo ti pàdé ẹkùn lójú ọ̀nà tóóró, a wo ara wa títí, òun ni ó yà fún mi. N kò sọ èyí láti fi ṣe fáàrí (bí ẹ bá sì pè é ní fáàrí, ẹ kò ṣì í pè). Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ọkùnrin tí ẹ ń wò yìí kì í ṣe ẹni tí ń bínú sí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ó di ọdún mọ́kànlá tí inú ti ń bí mi, n kò sì tíì rí ibi tí mo lè sọ ẹrù náà kalẹ̀ sí.

Ìbídùn ni orúkọ ìyàwó mi. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀. Ìyàwó ọdẹ ni ẹ ń pè é; nígbà tí ó bímọ, ẹ ń pè é ní ìyá Iyùnadé. Òun náà kò pe ẹnikẹ́ni lórúkọ nínú ilé wa, nítorí ẹ mọ àṣà wa: ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tí ó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó ń pe àbúrò mi ní Eyínfúnjowó, ó ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Adúmáadán. Ó fún èmi náà ní orúkọ kan, òun nìkan ni ó sì ń pè é. N óò padà dé orí orúkọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìgò.

Ní ilé ìwòsàn ìjọ, nígbà tí Bàbá Ẹbẹnísà jẹ́ apòògùn, àpótí kan dé láti etíkun, ìgò méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun sì ni ó kún méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ oògùn aràn tí a ń lò láyé ìgbà náà, ìkejì jẹ́ májèlé tí wọ́n fi ń fọ ohun èlò kí kòkòrò àìsàn má bàa gbé ibẹ̀. Ìwé bá wọn wá, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n orúkọ náà gùn. Bàbá Ẹbẹnísà wò ó pé ta ni yóò máa pe èyí láàárọ̀ lálẹ́? Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ Táíwò sí ara ìgò tí ó kọ́kọ́ mú jáde, ó kọ Kẹ́yìndé sí ara èkejì, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ó dùn mọ́ wọn. Nígbà tí bàbá náà fẹ́ kú, ó pe Jẹremáyà Láńlẹ́yìn tí yóò gba ipò rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n ni ó ń pani. Àbúrò ni kí o máa fi wo aràn.” Ó kú tán. Ó dáa. Èmi bi yín, nínú ìbejì, ta ni ẹ̀gbọ́n? Ẹ gbọ́ bí gbogbo yín ti dáhùn pọ̀! Kẹ́yìndé ni, òun ni ó rán Táíwò kí ó lọ tọ́ ayé wò. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ilé òyìnbó ni Láńlẹ́yìn dàgbà sí, níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀gbọ́n. Nítorí náà, nígbà tí aràn dààmú Ìbídùn, tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Kẹ́yìndé ni Láńlẹ́yìn bù fún un. Kí agogo ìsìn tó lù lọ́jọ́ kejì, mo ti di opó ọkùnrin.

Ẹ má sunkún, n kò tíì dé ibi tí ó ń bí mi nínú jù. Ní ogójì ọjọ́ lẹ́yìn náà, Iyùnadé ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, bẹ̀rẹ̀ sí í di inú mú gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀. Òjò ti gbé afárá odò lọ, kò sí ọ̀nà sí ìlú ńlá. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Láńlẹ́yìn. Ó tẹ ikùn ọmọ náà wò, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

Ó ní, “Bàbá Iyùnadé, aràn ti dí ìfun rẹ̀. Bí kò bá rí oògùn lo, kò ní kọjá ọjọ́ mẹ́ta.”

Mo ní, “Ẹ fún un ní oògùn nígbà náà. Kì í ṣe èyí tí ẹ fún ìyá rẹ̀ o. Ìgò kejì.”

Ó ń wo bàtà rẹ̀.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ kò gbọ́ mi ni?”

“Mo ti fọ̀ ọ́ nù, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ẹ fọ kí ni?”

“Orúkọ tí ó wà lára ìgò. Ọjọ́ tí a sin ìyá Iyùnadé. Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹnìkan yóò bèèrè èyí tí mo bù nínú rẹ̀.”

“Ẹ sì mọ èyí tí í ṣe èyí?”

“Mo mọ̀ ọ́n títí di ọjọ́ tí wọ́n kun pẹpẹ ìkóoògùn lọ́dà. Wọ́n kó ìgò sọ̀kalẹ̀, wọ́n kó o padà. Bàbá Iyùnadé, tí a bá bu díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì ńkọ́?”

Mo ní, “Bu díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì kí o kọ́kọ́ mu ún lójú mi!” Ohùn mi kì í ròkè, ẹ mọ̀ mí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà àwọn adìyẹ sá kúrò ní gbàgede. Ẹ gbà mí! Ènìyàn pa ènìyàn nítorí orúkọ tí kò pé, ó wá bu omi, ó fi aṣọ nu ìwọ̀nba èyí tí ó kù! Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, àwọn àgbà ni ó wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó lè pa odindi ìlú, wọ́n tú u sílẹ̀ láìsí ìjánu.

Mo gbé ọmọ mi lé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́wọ́, mo mú ìbọn, mo forí lé Igbó Ìsọlórúkọ. Baba mi ti sọ fún mi nípa rẹ̀: ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí a ń wà nínú ilẹ̀ gbé ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n tọ́jú orúkọ wọn sí. N kò ní sọ ti ẹ̀gún àti ti odò fún yín. Ọdẹ tí ń ka iye ẹ̀gún tí ó gún un, kò rí ẹran pa ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní mo dé ẹnubodè àpáta kan, ọkùnrin gàgàrà kan jókòó síbẹ̀, ó pọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ara rẹ̀ ń bó sílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọwọ́ mẹ́ta ni ó ní. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti ń bá a jà lẹ́nu ìbọn mi láti ìgbà èwe.

Mo ní, “Mo kí yín o, Ìpáàrà.”

Ó fò dìde. “Ìpáàrà? Orúkọ tí àwọn obìnrin fi ń pè mí nídìí ìkòkò nìyẹn. Ṣé o wá fẹ́ mi ni, tí o fi ń sọ mí ní orúkọ àlàjẹ́?” Ó na ahọ́n, ó lá ìbọn mi ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹnu ìbọn náà sì lu bí ewé tí kòkòrò jẹ. “Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wo ilé mi! Ta ni ọkọ níbẹ̀?”

“Irin ni.”

“Ta ni ó fẹ́?”

Mo rántí tíṣà wa. “Ọ́síjìn, èyí tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí.”

“Sọ mí lórúkọ nígbà náà.”

“Irin Ọ́síjìn.”

Ó tún lá ìbọn mi. Ihò kejì yọ. “Ṣé ìyàwó tí ó ti wọ ilé ọkọ ṣì ń jẹ́ bí ó ti ń jẹ́ nílé baba rẹ̀? Irin ni onílé, orúkọ tirẹ̀ kì í yí, òun la sì ń kọ́kọ́ pè. Ṣùgbọ́n ìyàwó a máa gé ìrù orúkọ rẹ̀ kí ó tó wọlé. Ọ́síjìn a di Ọ́ksáìdì.”

“Irin Ọ́ksáìdì!” Mo rò pé mo ti jàre. Ó lá ìbọn náà ní ìgbà kẹta, ọ̀pá rẹ̀ ṣẹ́ lọ́wọ́ mi bí ìrèké.

“Èwo nínú wa? Ọmọ ìyá mi dúdú, ó ń gbé ìsàlẹ̀ odò níbẹ̀ yẹn, Irin Ọ́ksáìdì ni òun náà. Irin a máa na ọwọ́ méjì síta nínú ilé kan, a na mẹ́ta nínú òmíràn. Ìwọ tí o pe ara rẹ ní ọdẹ, o kò lè ka ọwọ́ ẹni tí ó dúró níwájú rẹ?”

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá wà níbẹ̀ ẹ kò ní rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ń yí lórí ẹní, ìpáàrà sì ń jẹ ìbọn baba mi, ó ń bá mi wí bí tíṣà oníwàásù. Mo ka ọwọ́ rẹ̀, mo ní, “Irin ọlọ́wọ́ mẹ́ta, Ọ́ksáìdì.” Ó jókòó wọ̀ọ̀, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tí a kí ní oríkì. Ó ní, “Kọjá, ọmọ mi. Ó pẹ́ tí ẹnìkan ti pè mí tán.”

Ọ̀nà náà gbé mi dé etí orísun omi kan, ìyá arúgbó kan jókòó síbẹ̀ tí ó we gèlè funfun, igbá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ mu omi, omi náà ní adùn ọbẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ̀yin ni Iyọ̀.”

Ó ní, “Nídìí ọbẹ̀ ni mo ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbí, Sódíọ̀mù Kílóráìdì ni mí.”

Mo dá ọwọ́ mi dúró. “Ẹ kò ka ọwọ́ ti Sódíọ̀mù?”

“Ọwọ́ kan ni ó ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀, gbogbo ayé sì mọ̀. A kì í kéde ohun tí kì í yí padà. Àwọn tí ń yí ọwọ́ dà láti ilé dé ilé, àwọn la gbọ́dọ̀ ka tiwọn.” Ó fi ìka tọ́ omi. “Jẹ́ kí n sọ fún ọ, ọkọ mi. Sódíọ̀mù nìkan, bí ó bá bọ́ sínú omi, iná ni. Kílórínì nìkan, èémí rẹ̀ a máa pani. Wọ́n fẹ́ ara wọn, èmi ni wọ́n dà, o sì ń fi mí sọ́bẹ̀. Nítorí náà má ṣe sọ pé o mọ ẹnìkan nítorí pé o mọ àwọn tí ó ti wá. Kán-ún tí ń gbé lẹ́yìn ilé mi, Sódíọ̀mù náà ni onílé rẹ̀, ṣùgbọ́n Kábọ́ọ̀nù ni ó bá a gbé, Ọ́síjìn sì tẹ̀lé Kábọ́ọ̀nù wọlé pẹ̀lú agbo rẹ̀. Ìrù orúkọ wọn yí sí ọ̀nà mìíràn, Sódíọ̀mù Kábónéètì ni a ń pè wọ́n.”

Inú bí mi. “Ìyá, ta ni ó fi gbogbo èyí pamọ́ fún wa?”

“Ta ni ó fi pamọ́? Ṣé ìwé kò bá àpótí wá ni? Ẹ ní ó gùn.”

Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní àwọn méjì náà ń gbé níwájú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í mú orúkọ jáde nínú igbó náà láìfi orúkọ sílẹ̀. Mo ní kí ó gba Sílà. Ó mi orí, ó ní àwọn tí ń jẹ́ Sílà kò lóǹkà. Mo ní kí ó gba Ọdẹ́wálé. Ó ní ti baba mi ni, n kò lè fi ohun tí kì í ṣe tèmi san nǹkan.

Ó ní, “Èyí tí ẹnu kan ṣoṣo ń pè.”

Mo ní, “Ìyá, ẹnu náà ti dákẹ́. Kò ní pè é mọ́.”

Ó ní, “Ìdí nìyẹn tí ó fi wúwo, ọmọ mi.”

Ó gbé igbá rẹ̀ sókè. Mo tẹ̀, mo sọ orúkọ náà sínú rẹ̀, ó yọ́ lẹ́nu mi bí iyọ̀ ti ń yọ́. Bí ẹ bá bi mí lónìí pé kí ni Ìbídùn ń pè mí, kì í ṣe pé mo ń fi pamọ́. N kò mọ̀ ọ́n mọ́. Mo rántí pé ó máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó pè é, mo sì rántí ibi tí ó máa ń dúró sí. Ìyókù, àlàfo ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo dé pápá kan, ilé funfun méjì kọjú sí ara wọn, odò tẹ́ẹ́rẹ́ sì là wọ́n láàárín. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan yọ láti inú ilé òsì, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ó la odò náà kọjá wá bá mi, ó gbé igbá omi dání. “Ọkọ Ìbídùn, ẹ kú ìrìn o! Òùngbẹ á ti gbẹ yín. Ẹ mu omi.” Láti ilé ọ̀tún, àwọn mìíràn tí aṣọ wọn funfun bákan náà ń wò mí láìsọ̀rọ̀. Òùngbẹ ń gbẹ mí lóòótọ́. Mo gba igbá náà, mo gbé e dé ètè. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni mí, ojú mi kì í kúrò nílẹ̀. Mo wo ibi tí ó ti la odò kọjá, ìyẹ̀fun ara rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá: omi ti mu ún tán, omi náà sì mọ́ gaara bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò kọjá. Mo wo etí odò lápá ọ̀tún, ipa ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi níbẹ̀, funfun báláú, omi kò rí i mu. Mo ronú sí omi inú igbá tí òun náà ti ki ọwọ́ bọ̀: ohun tí omi bá mu tán, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn náà yóò mu ún. Mo gbé igbá náà kúrò lẹ́nu.

Mo ní, “Na ọwọ́ rẹ kí n rí i.”

Ẹ̀rín rẹ̀ dín. Ó na ọwọ́. Ọwọ́ méjì, ìyàwó kan rọ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, Kílórínì ni àwọn méjèèjì. Òun nìkan ṣoṣo ni ọkọ níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán bí Mákúrì, irin tí ń ṣàn bí omi tí tíṣà wa fi hàn wá nílé ẹ̀kọ́. Mo da omi náà sílẹ̀, mo kígbe pé, “Mákúrì ọlọ́wọ́ méjì, Kílóráìdì ni ọ́! Ìwọ ni o pa ìyàwó mi!”

Mo yíjú sí ilé ọ̀tún. Ọkùnrin méjì ni ó wà níbẹ̀, Mákúrì méjì, wọ́n fi ọwọ́ kan di ara wọn mú, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì na ọwọ́ kan ṣoṣo tí ó kù sí ìyàwó kan. Mákúrì ọlọ́wọ́ kan, Kílóráìdì. Ẹ̀yin ará mi, àwọn wọ̀nyí ni ìbejì! Inú ìgò kan ṣoṣo ni ìbejì wà, ẹni tí ó wà nínú ìgò kejì kò ní èkejì láyé. Wọ́n fi Táíwò àti Kẹ́yìndé sọ àwọn tí kì í ṣe ìbejì, nítorí pé aṣọ wọn jọra!

Mo mú ọ̀bẹ. Mo ní kí Ọlọ́wọ́-Méjì sọ ohun tí Ìbídùn ṣe fún un. Kò sá. Ó wò mí, ó ní, “Èmi a máa pa ẹni tí a bá fi mí fún. Iṣẹ́ mi nìyẹn, inú orúkọ mi ni ó sì wà. Ṣé èmi ni mo pe ara mi ní Kẹ́yìndé? Wọ́n kọ orúkọ ọmọ aládùn sí mi láyà, wọ́n gbé mi kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn. Ọdẹ, ta ni ó pè mí sínú ife obìnrin náà?”

Ọ̀bẹ mi wálẹ̀. Ó dùn mí pé òótọ́ ni ó sọ. Àwọn ìbejì ni ó là mí lọ́yẹ̀ ohun tí n óò ṣe nílé. Wọ́n ní, “Bu omi láìmù, omi ẹfun inú ìgò tí wọ́n fi ń wo inú àwọn ọmọ ọwọ́, lé wa lórí. Àwa yóò dúdú. Òun yóò pọ́n bí ìyeyè.” Mo sáré. Ìyókù ọ̀nà náà, ẹsẹ̀ mi ni ẹ óò bi, n kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni mo wọlé. Iyùnadé kò sunkún mọ́, ìyẹn ni ó sì dẹ́rù bà mí jù. Láńlẹ́yìn gbé àwo pẹrẹsẹ méjì kalẹ̀, ó bu ìyẹ̀fun kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó da omi láìmù lé wọn. Àwo kan dúdú bí ìdí ìkòkò. Èkejì pọ́n bí ìyeyè.

Ó mí kanlẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì. “Ọpẹ́ ni f’Ólúwa. Bàbá Iyùnadé, ẹ jẹ́ kí n kọ Ọ̀kan sí èyí, kí n kọ Èjì sí ìyẹn.”

Mo gba ṣọ́ọ̀kì náà, mo fọ́ ọ sí méjì. “Ọ̀dà ni kí o mú wá. O óò kọ ọ́ tán, láti orí onílé, iye ọwọ́ rẹ̀, títí dé ìrù ìyàwó rẹ̀. O óò sì kọ ọ́ sí ìwé pẹ̀lú. Bí ó bá rẹ̀ ọ́, sinmi, kí o tún máa kọ ọ́ lọ.” Ó ń kọ, omijé ń bọ́ sára ọ̀dà. N kò tíì dárí jì í tán. Mo ń gbàdúrà lé e lórí.

Ìwọ̀n kékeré ni ó bù fún ọmọ náà nínú ìgò tí ìyẹ̀fun rẹ̀ di dúdú nínú àwo. Kí ilẹ̀ tó mọ́, aràn náà bọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé ọ̀dà tí ó ṣẹ́kù lọ sí itẹ́ òkú. Pákó tí a rì sórí ibojì, “Ìyàwó Ọdẹ” ni ó wà lára rẹ̀, ọwọ́ ara mi ni ó sì kọ ọ́. Mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ tán: Ìbídùn Àjíkẹ́, ọmọ Ọláṣèhìndé. Pákó náà kò fẹ̀ tó, mo kọ ọ́ débi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo padà, mo jókòó sí gbàgede, mo kọ ẹ̀yìn sílé, mo ń fọ ọ̀dà kúrò lọ́wọ́. Mo gbọ́ ìṣísẹ̀ ọmọdé lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń dúró sí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ohùn rẹ̀ kò tíì lágbára. Ó pe orúkọ ẹnìkan. Orúkọ náà dùn létí mi púpọ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo bojú wo ọ̀nà, kí n lè rí ẹni tí ọmọ mi ń pè.